Orin Tí Kò Tíì Pọ́n

Láàárín àwọn fóònù tó ti dákẹ́ lórí tábìlì, ọ̀kan ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Elétí gbé irin kékeré tó fi ń tú fóònù sílẹ̀. Ohùn obìnrin ni. Kò sí ariwo ìlù nídìí rẹ̀, gìtá kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́.

"Mo gbóhùn rẹ, n ò fojú kàn ọ́,
Ohùn rẹ ni mo gbé sùn, ohùn rẹ ló jí mi."

Kí orin náà tó dé ìlà kẹta, Bọ̀ọ̀dá ti nawọ́, ó ti pa á lẹ́nu mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kó parí."

"Kó parí kẹ̀? Áláàmù nọ́ọ̀sì nìyẹn. Ó fi ń jí lọ síbi iṣẹ́ ni, kò fi orin ránṣẹ́ sí wa. Dojú kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Elétí dojú kọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Elétí kọ́ ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin náà ti ń bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé ló ti ń gbọ́ ohun tí àwọn àgbà kì í gbọ́. Tí wọ́n bá tan fóònù tí ohùn rẹ̀ kò já gaara, yóò tẹ́tí díẹ̀, yóò ní, "Eruku ni," tàbí, "Omi ló wọ̀ ọ́," tàbí, "Awọ inú sípíkà yẹn ti ya." Bọ̀ọ̀dá yóò tú u, yóò sì bá a bẹ́ẹ̀. "Elétí-gbáròyé lọmọ yìí," ló máa ń wí fún àwọn oníbàárà. "Gbogbo fóònù tó bá lẹ́jọ́ ló ń wá rò ó fún un." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí orúkọ náà ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Òfin ṣọ́ọ̀bù náà kò pọ̀, àmọ́ ọ̀kan wà tí Bọ̀ọ̀dá kì í fi ṣeré. Wọn kì í tú ohun tó wà nínú fóònù oníbàárà wò. Tí wọ́n bá fẹ́ dán sípíkà wò, káàdì kékeré kan wà tí Bọ̀ọ̀dá ti gba ohùn ara rẹ̀ sí: "Halóò, halóò. Àgbà ń sọ̀rọ̀, kí ọmọdé dákẹ́. Ení, èjì, ẹ̀ta." Ohùn yìí ni wọ́n fi ń dán gbogbo fóònù àdúgbò wò. Fóònù tí kò bá ní àyè káàdì, ohùn ìpè rẹ̀ ni wọn yóò tẹ̀, wọn yóò sì fi mọ síbẹ̀.

"Ẹni tó gbé fóònù fún ọ ti gbé yàrá rẹ̀ fún ọ," ni Bọ̀ọ̀dá máa ń wí. "Iná ló ní kó o bá òun tún ṣe. Kò ní kó o ṣí àpótí òun."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá gba fóònù rẹ̀, Elétí sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló kọ orin tó ń jí yín?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìrì ni. Má bi mí lórúkọ rẹ̀ gan-an o, bó ṣe ń pe ara rẹ̀ nìyẹn. O ò lè rí i lára pátákó ńlá, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó tán."

Ó sì tán lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ náà, Elétí wá gbogbo orin Ìrì kàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọn kò ju díẹ̀ lọ. Àwo orin kan ṣoṣo ló ti ṣe, ó sì ti pẹ́. Elétí ń gbọ́ wọn bó ṣe ń fọṣọ, bó ṣe ń lọ sílé ìwé, bó ṣe ń ka ìwé ìdánwò tí kò wọ̀ ọ́ lórí. Àbúrò Bọ̀ọ̀dá ni ìyá rẹ̀. Ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní òkèèrè láti ìgbà tí Elétí ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló máa ń pè. Ohùn rẹ̀ máa ń dé, àmọ́ àwòrán rẹ̀ kì í dúró, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò ti gbé e lọ. Elétí ti gbàgbé bí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ ṣe rí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ojú sì ń tì í pé òun gbàgbé. Ìgbà tó gbọ́ Ìrì ló kọ́kọ́ dà bíi pé ẹnì kan mọ̀, tí kò sì bínú sí i.

Ní kíláàsì rẹ̀, ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ológe. Aṣọ ilé ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, àmọ́ tirẹ̀ máa ń dà bíi pé aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an sí i lára láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ológe ló ń darí ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Ìrì lórí fóònù. Ibẹ̀ ni Elétí ti gbọ́ pé àwo orin tuntun ń bọ̀. Ó ń bọ̀ lóṣù tó kọjá, ó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Gbogbo wọn ń retí, ojú ń pọ́n wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gbé fóònù tó já sómi wọ ṣọ́ọ̀bù, nínú ọ̀rá ìrẹsì.

"Ṣé kí á sè é fún yín ni àbí kí á tún un ṣe?" Bọ̀ọ̀dá bi í.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín tipátipá. "Ẹ bá mi tún un ṣe, sà. Èmi ni agbohùnsílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó wà lẹ́yìn báǹkì. Iṣẹ́ àwọn olórin wà nínú ẹ̀. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa fi ṣí i rèé." Ó sọ nọ́ńbà náà lójú Elétí láìfi bò, ó sì lọ.

Bọ̀ọ̀dá tú fóònù náà, ó fọ inú rẹ̀, ó gbẹ ẹ́, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ ra gíláàsì fún fóònù mìíràn. "Bó bá tàn, dán ohùn rẹ̀ wò," ló sọ fún Elétí bó ṣe ń lọ.

Fóònù náà tàn. Kò ní àyè káàdì, nítorí náà Elétí tẹ ohùn ìpè rẹ̀. Ó dún dáadáa, àfi pé bó ṣe ń lọ sókè, nǹkan kan ń há díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohùn ìpè kò tó láti fi mọ ibi tó ti ń há. Ohùn èèyàn ni ìbá fi hàn. Ohun tí Elétí sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, torí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò yẹ kì í ṣaláìrí àwáwí. Ó ṣí ibi tí àwọn ohùn wà, ó tẹ èyí tó wà lókè pátápátá.

Ẹnì kan wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láìsí gìtá. Ìrì ni.

"Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró,
Aṣọ mi ti yàtọ̀, ìrìn mi ti yàtọ̀,
Ta ni yóò kọ́kọ́ dá mi mọ̀?"

Ibi tó yẹ kí ìdáhùn wà, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìrì kàn ń kùn ún ni, bí ẹni tó ń táràrà wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Ó kùn ún títí, ó dákẹ́, ó ní, "Kò tíì yá. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń bọ̀." Ohùn náà sì parí.

Elétí kò mọ̀ pé òun ń sunkún títí omi fi kán sórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, aṣọ rẹ̀ yóò ti yàtọ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ dá ẹnì kejì mọ̀? Ìbéèrè tó ti ń gbé inú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni, tí kò rí ẹnu fi bi. Ó gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù ara rẹ̀, ó sì pa àmì ìránṣẹ́ náà rẹ́. "Èmi nìkan ni mo máa gbọ́ ọ," ló wí nínú ara rẹ̀.

Fún ọjọ́ mélòó kan, òun nìkan ló gbọ́ ọ lóòótọ́. Ì bá ti parí síbẹ̀, àmọ́ ojú kì í rí ohun tó dára kí ẹnu má yún. Nígbà ìsinmi ọ̀sán ní ilé ìwé, àwọn ọmọbìnrin ń sọ̀rọ̀ Ìrì, Elétí sì dá sí i. Ológe wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ Ìrì lánàá? Jọ̀wọ́, àlejò kì í júwe ilé fún onílé."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Elétí dé egungun.

"Mo mọ ohun tí ẹ̀yin kò mọ̀," ló wí.

Lẹ́yìn kíláàsì, ó fi gbohùngbohùn etí kan sí etí Ológe. Ológe gbọ́ ọ dópin, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó di ọwọ́ Elétí mú. "Fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fi ìyá mi búra, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ológe máa bẹ̀ ẹ́ fún ohunkóhun. Elétí fi í ránṣẹ́.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ológe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà fún ẹnì kan ṣoṣo. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, orin náà ti wà nílé onígbàjámọ̀, ó ti wà nínú ọkọ̀ akérò. Àwọn kan tilẹ̀ fi ìlù sábẹ́ ibi tí Ìrì ti ń kùn ún, àwọn ọmọkùnrin sì ń fi í jó lójú títì. Elétí gba ibẹ̀ kọjá, ó ń ṣe é bíi pé kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Ọ̀rọ̀ tí Ìrì sọ síta kò gùn. "Ohun tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe orin. Mi ò tíì ṣe é tán. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fi ohùn yẹn sí lọ́wọ́, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ kejì ni agbohùnsílẹ̀ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dà bí ẹni tí kò sùn.

"Ẹ má bínú, sà," ló sọ fún Bọ̀ọ̀dá. "Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Fóònù yẹn kò kúrò lọ́wọ́ mi rí, àfi ìgbà tó wà níbí."

Bọ̀ọ̀dá dìde. "Láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ilẹ̀kùn yìí, a kì í tú fóònù onífóònù wò. Èmi àti ọmọ yìí nìkan ló fọwọ́ kan tiyín. Mo fi orúkọ mi búra fún yín. Bó bá jẹ́ ibí ló ti jáde, kí ẹnikẹ́ni má gbé fóònù wá fún mi mọ́."

Elétí ń wo ilẹ̀. Ó ní ẹnu, kò rí i lò.

"Mo gbà yín gbọ́, sà," ni agbohùnsílẹ̀ dáhùn. "Àwọn ọ̀gá mi ni kò gbà mí gbọ́. Wọ́n ní kí n wá kó ẹrù mi lọ́jọ́ Monday."

Lọ́jọ́ Sunday, ìyá Elétí pè. Àwòrán rẹ̀ yọ díẹ̀, ó sì dì pa.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Kò sí nǹkan, Mà. Ìdánwò ni."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ kì í dé ọ̀dọ̀ mi, ohùn rẹ nìkan ni mo ní. Tó o bá tún ń fi ìyẹn purọ́ fún mi, kí ló kù fún mi?"

Elétí jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sunkún tán.

"Ṣé ẹ máa bá mi sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá?"

"Rárá o. Mo lè bá ọ sunkún, mi ò lè bá ọ ní ẹnu. Kí ọkùnrin yẹn tó kó ẹrù rẹ̀, ìwọ ni wàá sọ ọ́."

Láàárọ̀ Monday, Elétí kò lọ sílé ìwé. Ó lọ bá Bọ̀ọ̀dá ní ṣọ́ọ̀bù, ibi tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku inú fóònù kan. Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́ tán. Bọ̀ọ̀dá kò pariwo. Ì bá sàn fún Elétí kó pariwo.

"Mo fi orúkọ mi búra," ló wí, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ojúmọmọ, ohun tí kò ṣe rí, ó sì ní kí àwọn máa lọ.

Nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n fi fóòmù bo ara ògiri, tó fi jẹ́ pé ohùn èèyàn kì í rìn jìnnà. Agbohùnsílẹ̀ ń ká wáyà jọ sínú àpò. Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, kò kun ohunkóhun sójú. Ó kí wọn káàárọ̀, Elétí sì mọ̀ pé Ìrì ni. Ohùn tó gbé sùn láti oṣù wọ̀nyí wá ló kí i yẹn.

Ó ti ro ọjọ́ tí òun máa rí Ìrì lọ́nà púpọ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí òun ti ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀ yìí.

"Kì í ṣe agbohùnsílẹ̀ yín ló ṣe é, mà," ló wí. "Èmi ni. Èmi ni mo tú fóònù wọn wò. Èmi ni mo fi orin náà sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, torí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi náà mọ̀ yín."

Agbohùnsílẹ̀ jókòó sórí àpò rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ìrì yíjú sí i. "Má bínú," ló sọ fún un, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá kọjú sí Elétí.

"Ibo lo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀?"

Elétí kò retí ìbéèrè yìí. "Ibi tẹ́ ẹ ti ń kùn ún, mà. Mò ń dúró de ọ̀rọ̀ tó máa bọ́ síbẹ̀. Màmá mi ti pẹ́ lókè òkun. Mo fẹ́ mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dá èkejì mọ̀."

Ìrì fẹ̀yìn ti ògiri. "Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti ń bọ̀," ló wí. "Nígbà míì màá jí láàárọ̀, á ti dé ẹnu mi, á tún padà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, tí àwọn èèyàn ń fi í jó. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá kùn ún, ìlù wọn ni mò ń gbọ́. Inú mi ti ń rọ̀ sí ọ, má fòyà. Ṣùgbọ́n orin yẹn ti lọ."

"Ṣé kò lè padà, mà?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n dá iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ padà fún un, àmọ́ kò gbé fóònù wá sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá mọ́. Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Àwọn kan dúró tì í, àwọn kan gbé fóònù wọn lọ. Ó ní kí Elétí má jókòó nídìí tábìlì mọ́ títí yóò fi ṣe ìdánwò tán. Ilẹ̀ ni yóò máa gbá, kó sì máa kàwé. Kò bú u. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ló kàn wá ń pè é, ìyẹn sì dùn ún ju èébú lọ.

Àwo orin tuntun Ìrì jáde lẹ́yìn ìdánwò. Elétí ra tirẹ̀. Ó jókòó sí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́ orin kìíní, ó gbọ́ èkejì, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dára. Òmíràn nínú wọn tilẹ̀ dára ju àwọn ti àtijọ́ lọ. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá ti parí ni ó ń rò pé bóyá orin ẹnu ọ̀nà yẹn ló kàn. Orin ìkẹyìn parí, kò gbọ́ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Fóònù rẹ̀ dún. Ológe ló pè.

"Kò sí níbẹ̀," ni Ológe wí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí orin náà ti tàn ká.

"Mo mọ̀."

"Èyí tó o fún mi ṣì wà lọ́wọ́ mi o. Ó dá mi lójú pé o ti pa tìẹ rẹ́. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

Elétí rántí ohùn náà. Ó fẹ́ ẹ. Kí ó kàn gbọ́ ibi tí Ìrì ti ń kùn ún yẹn lẹ́ẹ̀kan péré.

"Pa á rẹ́," ló wí.

"Gbogbo ayé ló ní i. Kí ni pípa tèmi rẹ́ máa ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Ṣáà pa á rẹ́. Ẹni tó ni ín ní òun kò tíì ṣe é tán, a ò sì jẹ́ kó ṣe é tán."

Ológe ní, "Ó dáa."

Elétí gbé fóònù sórí itan. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdánwò èdè ni òwe yìí jẹ́ lójú rẹ̀. Ní báyìí, ó ti mọ̀ pé bí èèyàn ti wù kó fẹ́ràn nǹkan tó, ìfẹ́ kò sọ ohun olóhun di tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè dúró kí ohun tó fẹ́ràn pọ́n lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ já a ní tútù, kò sì ní í jẹ ẹ́ mọ́ láé. Ìyá rẹ̀ yóò dé lọ́jọ́ kan, wọn yóò sì dá ara wọn mọ̀ bí wọ́n bá ṣe lè ṣe é. Kò ní sí orin tó máa kọ́kọ́ sọ bó ṣe máa rí fún un.